Wọ́n Mú Ọ̀já Lọ, Wọ́n Fi Ọmọ Sílẹ̀

"Ìyàwó mi ti sá lọ."

Ohun tí Adékúnlé Sàlàkọ́ kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tó wọ àgọ́ ọlọ́pàá kan ní Okokomáíkò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 1992. Ọkùnrin tó mọ aṣọ wọ̀ ni, ó ń ta tẹlifíṣọ̀n àti fídíò ní Ọjà Àlàbá. Ó gbé ọmọbìnrin olóṣù mẹ́jọ kan lé apá òsì. Ọmọ náà ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, ó ń fi ẹnu wá ọmú kiri ní àyà bàbá rẹ̀, àmọ́ bàbá ò wò ó. Ojú obìnrin tó jókòó sẹ́yìn tábìlì ló ń wò.

Insipẹ́kítọ̀ Fẹ̀hìntọlá ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá, ọdún márùn-ún gbáko ló fi ta òkìrìkà, tó ń tú ìdì aṣọ tí ẹnì kan ti wọ̀ rí níwájú ẹlòmíràn. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ pé ìdí ìdì aṣọ ni òun ti kọ́ iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, nítorí aṣọ kì í bá ẹni tó ni ín parọ́.

"Ìgbà wo lẹ rí i kẹ́yìn?"

"Lánàá, nígbà tá a fẹ́ sùn. A wà ní Ilé Ìtura Ìtùnú, yàrá keje. Mo jí ní aago méje, mi ò rí Ọlábísí. Àpótí pupa rẹ̀ ò sí nílẹ̀, aṣọ rẹ̀ ò sí nílẹ̀. Ọmọ yìí nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi."

"Níbo gan-an lẹ̀ ń gbé?"

"Ìbà."

Fẹ̀hìntọlá gbójú sókè. Ẹni tó bá yásẹ̀ dáadáa lè fẹsẹ̀ rìn láti Ìbà dé ilé ìtura yẹn kí oòrùn tó mú.

"Ẹ kó lọ sinmi sí ìtòsí ilé ara yín?"

"Màdáàmù, kò síná ládùúgbò wa. Gẹnẹrétọ̀ tiwọn kì í kú, wọ́n sì ní odò ìlúwẹ̀ẹ́. Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan la máa ń lọ. Ìkẹrin rèé."

"Ẹ ní àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́?"

Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà, ó fa àwòrán pélébé kan yọ, ó fi sórí tábìlì. Obìnrin tó wà nínú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ tutù, ó di irun pàtẹ́wọ́ sẹ́yìn. Fẹ̀hìntọlá yí àwòrán náà padà. Gọ́ọ̀mù gbígbẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra igun rẹ̀ kan nísàlẹ̀, ìka rẹ̀ sì bá ibì kan tó wú roboto bí ìdajì òṣùpá. Ó fi àwòrán náà há inú ìwé rẹ̀.

"Ta lẹ rò pé ó bá lọ?"

"Àyàndélé. Tíṣà ni. Iléèwé kan náà ni wọ́n ti jọ ń kọ́ni ní Àjàngbádì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ kíá, kí n gba ìwé tó máa fi hàn pé mo ti wá fi sùn. Mo ń rìnrìn àjò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Fẹ̀hìntọlá fi gègé rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó ọkùnrin yìí kò tíì pé wákàtí mẹ́ta tó sọnù lójú rẹ̀, ìrìn àjò ọ̀túnla ló wà lọ́kàn rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ wo yàrá yẹn," ó wí.

*

Wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá Ọlábísí, tí wọ́n ń fi oríkì ọmọ rẹ̀ pè ní Màmá Àmọ̀kẹ́, ní Ìbà, pé kó wá gba ọmọ. Màmá náà dé pẹ̀lú ìborùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Ó gba ọmọ mọ́ra, ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, kò kí i. Ohun kan ṣoṣo ló sọ fún Fẹ̀hìntọlá.

"Ọmọ tèmi ò lè fi ọmọ ọmú sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i níbikíbi láìsí ọmọ yìí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀."

Ilé pẹrẹsẹ ni Ilé Ìtura Ìtùnú, yàrá rẹ̀ ò ju méjìlá lọ. Mẹ́jọ kọjú sí géètì, mẹ́rin wà lẹ́yìn, níbi tí gẹnẹrétọ̀ ti ń pariwo bí ẹni ń lọ irin. Ní yàrá keje, ẹní etí omi ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fúláàsì omi gbígbóná wà lórí tábìlì, báàgì ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kọ́sítébù Àlíù, tó tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀ wá, ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Òfìfo, Ọ̀gá. Obìnrin yìí kó gbogbo rẹ̀ tán ni."

Fẹ̀hìntọlá wọ ilé ìwẹ̀. Kọ́mú méjì àti pátá mẹ́ta ló wà lórí okùn, wọ́n ti gbẹ. Ìpara obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ digí, kóòmù wà níbẹ̀, fìlà ìsùn wà níbẹ̀. Sálúbàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró, ó ń wo àwọn ẹrù náà bí ẹni ń ṣírò. Obìnrin tó ń sá lọ lè gbàgbé aṣọ àríyá, kò lè gbàgbé kọ́mú, pàápàá jù lọ abiyamọ tí wàrà ń kún láyà rẹ̀. Ọkùnrin ló máa ń ro obìnrin ní gèlè àti ìró. Ẹni tó palẹ̀ ẹrù yìí mọ́ kò mọ ohun tí ara obìnrin ń béèrè.

Ó padà síbi báàgì ọmọ, ó tú u. Nápíkìn, pọ́dà, ìgò omi, fìlà òtútù.

"Ọ̀gbẹ́ni Sàlàkọ́, ọ̀já dà?"

"Ọ̀já?"

"Ọ̀já tí wọ́n fi ń pọn ọmọ yín."

"Ó mú un lọ, màdáàmù."

"Ó mú ọ̀já lọ, ó fi ọmọ sílẹ̀?"

Ìró gẹnẹrétọ̀ ń gba inú ilé náà. Àlíù, tó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, rí ojú ọ̀gá rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ ọn lẹ́nu.

*

Àgbàlagbà ará Ègùn kan tó ń jẹ́ Sẹ̀wànù ló ń ṣọ́ géètì. Fẹ̀hìntọlá kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó jókòó tì í lórí pákó.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ rí obìnrin náà nígbà tó ń jáde."

"Mo rí i. Aago mẹ́fà ni. Ìró aláró ló wọ̀, ó fi gèlè yẹ́lò bo orí àti ẹnu nítorí ọyẹ́. Ó gbé àpótí pupa kan. Ó dá ọ̀kadà dúró, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Àgbádárìgì."

"Ẹ bá a sọ̀rọ̀?"

"Mo ní kó jẹ́ kí n bá a gbé ẹrù. Ó mirí. Àpótí ọ̀hún ò tiẹ̀ wúwo, ìka méjì ló fi gbé e, tó ń fì bí igbá òfìfo." Bàbá náà fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. "Nígbà míì tó bá wá, ó máa ń kí mi, ó máa ń béèrè orúnkún mi. Lónìí, kò tiẹ̀ wojú mi. Mo sọ fún ara mi pé àwọn tọkọtaya wọ̀nyí ti jà."

"Ibo ló gbà jáde?"

Sẹ̀wànù nàka sí ẹ̀yìn ilé. "Ọ̀dọ̀ gẹnẹrétọ̀ lọ́hùn-ún."

Fẹ̀hìntọlá wo ilẹ̀kùn yàrá keje láti ibi tó jókòó sí. Ó kọjú sí géètì gbọọrọ, kò sì ju ìṣísẹ̀ ogún lọ. Kí ni ẹni tó ti ibẹ̀ jáde ń wá lẹ́yìn ilé?

Ó dìde, ó pe Àlíù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mò ń lọ rí tíṣà tí Sàlàkọ́ ń pariwo orúkọ rẹ̀ yẹn. Jókòó ti ọkùnrin yìí. Máa tù ú nínú, máa bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kó kúrò lójú rẹ."

Ó wá yíjú sí Sàlàkọ́, ó na ọwọ́. "Ẹ bùn mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú kò yẹ kó máa wakọ̀."

Ọkùnrin náà fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣe díẹ̀ kí ìka rẹ̀ tó tú u sílẹ̀.

*

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Àjàngbádì ni Fẹ̀hìntọlá ti bá Àyàndélé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde sí i láìwọ bàtà, sùtánà rẹ̀ ń wọ́ ilẹ̀.

"Níbo lẹ sùn lánàá?"

"Níhìn-ín. A ṣe ìṣọ́ òru mọ́jú. Ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú ìjọ."

"Ọkọ Ọlábísí Sàlàkọ́ ní ẹ̀yin lẹ gbé e lọ."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. Kì í ṣe ìbínú ló wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù ni.

"Ó ti sọnù? Mo sọ fún un kó má lọ! Lọ́jọ́ Ẹtì ni mo sọ fún un!"

"Kó má lọ síbo?"

"Sí òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Màdáàmù, kò sí nǹkan kan láàárín wa, Ọlọ́run ń gbọ́. Ó máa ń finú hàn mí ni, torí a jọ ń lo tábìlì kan ní yàrá tíṣà. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti rí fisà gbà ni ọkọ òun ti yí padà."

"Fisà ibo?"

"Òkè òkun. Tọkọtaya ni wọ́n fún. Wọ́n fẹ́ fi ọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà títí wọ́n á fi rí ilé. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́ta ni ọkọ rẹ̀ kò ti jẹ́ kó fojú kan páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ mọ́. Bó bá béèrè, á ní ó wà lọ́wọ́ ajẹ́ńtì. Ìgbà yẹn náà ni ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀. Ó sọ fún mi pé, 'Bùọ̀dá Àyàndélé, ọkọ mi tí kì í ra gúgúrú fún mi ló ń gbé mi lọ òtẹ́ẹ̀lì lóṣooṣù. Ó ń fi mí kọ́ nǹkan kan ni, mi ò sì mọ ohun tó jẹ́.'"

Fẹ̀hìntọlá kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó padà sínú mọ́tò ìjàpá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó mú àwòrán náà jáde. Ó gbé e dání lọ́nà tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn fi lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ibi tó wú roboto nígun rẹ̀ wá hàn kedere. Òǹtẹ̀ ni. Òǹtẹ̀ tí kò ní yíǹkì, irú èyí tí ìjọba máa ń fi irin tẹ̀ mọ́ àwòrán nínú ìwé ìrìnnà kí ẹnikẹ́ni má baà lè pààrọ̀ rẹ̀. Ìdajì òǹtẹ̀ á wà lára àwòrán, ìdajì á wà lára ìwé.

Inú páàsípọ́ọ̀tù ni wọ́n ti ṣí àwòrán yìí kúrò. Ẹni tó ṣí i sọ ọ́ sí àpò, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá béèrè àwòrán lójijì, ìyẹn ni ọwọ́ rẹ̀ bá.

Ìyókù tẹ̀ lé ara wọn. Ojú obìnrin mìíràn ló ti wà nínú ìwé náà báyìí, òun ló sì fẹ́ fi orúkọ Ọlábísí wọkọ̀ òfuurufú. Òun náà ló wọ aṣọ Ọlábísí jáde láàárọ̀, kí Sẹ̀wànù lè jẹ́rìí pé ìyàwó ilé ti lọ fúnra rẹ̀. Ọkọ á sunkún níwọ̀nba, àwọn aládùúgbò á ṣépè fún obìnrin tó pa ọmọ rẹ̀ tì, kò sì sẹ́ni tó máa wá òkú ẹni tí wọ́n rí tó gun ọ̀kadà. Ìdí tí wọ́n fi ń lọ òtẹ́ẹ̀lì lóṣooṣù nìyẹn. Ó fẹ́ kí ó mọ́ gbogbo ènìyàn lójú, kí ìkẹrin má baà jọ ẹnikẹ́ni lójú.

Ṣùgbọ́n àpótí pupa ṣófo. Bí àpótí bá jáde lófìfo, aṣọ tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ kò tíì kúrò ní ilé ìtura. Bí aṣọ ò bá tíì kúrò...

Àti ọ̀já. Aṣọ òfì tó gùn, tó le, tí kì í já. Abiyamọ ló ń fi pọn ọmọ. Kí ni ọkùnrin lè fi ṣe?

Fẹ̀hìntọlá yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó kọjú sí ilé ìtura.

*

Bí Sẹ̀wànù ṣe ń ṣí géètì fún un ló sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́tò.

"Ìyá, mo ti rántí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dé lánàá, èmi ni mo bá wọn kó ẹrù. Àpótí ńlá kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé, tó ní táyà nídìí. Àgbàlagbà lè sùn sínú rẹ̀. Mo ti múra láti gbé ẹrù wúwo, àfi bí mo ṣe gbé e tó fò sókè. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ń ronú pé, ta ló ń gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ wá sùn ọjọ́ méjì?"

Fẹ̀hìntọlá rántí yàrá keje ní igun kọ̀ọ̀kan. Ẹní. Fúláàsì. Báàgì ọmọ. Kò sí àpótí aláwọ̀ ewé níbẹ̀.

Ó sá wọ iwájú ilé, níbi tí Victoria, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò, ti ń to kọ́kọ́rọ́.

"Ta ló wà lẹ́yìn, níbi gẹnẹrétọ̀?"

"Yàrá kan ṣoṣo lèèyàn wà, mà. Kọkànlá. Miss Adébímpé. Ọjọ́ Ẹtì ló dé, ó sanwó títí di ọjọ́rú. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wá gbálẹ̀."

"O ti rí i lónìí?"

"Rárá, mà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sì sí lórí ìṣó."

Àlíù yọ lẹ́nu ọ̀nà, igo mọ́ọ̀tì lọ́wọ́. Ó dá nìkan wà.

"Ọkùnrin yẹn dà?"

"Ó lọ tọ̀ ni, Ọ̀gá. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún..."

Fẹ̀hìntọlá ti ń sáré kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó yí igun ilé, òórùn dísẹ̀lì gbá a nímú, ariwo ẹ̀rọ bo etí rẹ̀ pátápátá. Adékúnlé Sàlàkọ́ dúró níwájú yàrá kọkànlá, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀, nítorí ariwo tó fẹ́ràn níbẹ̀ ló di í létí.

Fẹ̀hìntọlá gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Yàrá keje lo wọ̀ sí. Kí lò ń wá níbí?"

Ó ti fi "ẹ" sílẹ̀. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ. Ó yíjú padà. Àlíù dì í mú, ọ̀gá rẹ̀ sì yí kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn.

Àpótí aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ rí. Ó wà láàárín yàrá, ó ya ẹnu sílẹ̀ gbàràgàdà, wọ́n ti tẹ́ ọ̀rá dúdú sínú rẹ̀ dáadáa, wọ́n yí etí ọ̀rá náà síta bí ẹni tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àlejò. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Aṣọ Ọlábísí wà lókìtì ní ilé ìwẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wà nílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, ó dà bí ẹrù tí wọ́n jù sílẹ̀. Ọ̀já aláwọ̀ aró ló de ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n ti ki aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àyà bùbá rẹ̀ ti rin fún wàrà.

Fẹ̀hìntọlá fa aṣọ ẹnu rẹ̀ yọ, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí ihò imú rẹ̀, ó dúró. Ó ṣe é bíi pé kò ní rí nǹkan kan gbọ́ láéláé. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan kàn án lọ́wọ́.

"Ó ń mí! Àlíù, ó ń mí! Pe Victoria kó wá bá mi gbé e dé mọ́tò!"

"Ó ń mí?" Sàlàkọ́ béèrè.

Ọdún méjìlélógún ni Fẹ̀hìntọlá ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá. Ó ti gbọ́ igbe ọkọ tí wọ́n sọ fún pé ìyàwó rẹ̀ kú. Kò tíì gbọ́ ohùn ọkọ tí wọ́n sọ fún pé ìyàwó rẹ̀ yè, tó wá dà bí ohùn ẹni tí ilé rẹ̀ jó.

*

Ó jẹ́wọ́ kí wọ́n tó dé àgọ́. Oògùn oorun ló lọ̀ sínú mọ́ọ̀tì. Ó rò pé yóò ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Inú àpótí ńlá yẹn ló ti yí i lọ sí yàrá kọkànlá, kí ó tó gbé e sílẹ̀ láti tẹ́ ọ̀rá. Obìnrin tó ń jẹ́ Miss Adébímpé kì í ṣe Adébímpé rárá. Fọlákẹ́ ni, ó ń bá a tajà ní Àlàbá. Ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀ ló ti ń dúró dè é. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á kọjá sí Kútọ̀nú, wọ́n á wọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tó mọ̀ wọ́n.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni Fẹ̀hìntọlá dé Sẹ̀mẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì ilé oúnjẹ kan ló ti rí obìnrin náà, ìró aláró nídìí rẹ̀, àpótí pupa láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n jọra díẹ̀, bí èèyàn méjì tó ga bákan náà ṣe máa ń jọra láti òkèèrè.

"Ẹ káàsán. Kí lorúkọ yín?"

"Ọlábísí Sàlàkọ́." Ó yá lẹ́nu rẹ̀. Ó ti fi dánra wò lọ́pọ̀ ìgbà.

"Kíláàsì mélòó lẹ̀ ń kọ́ ní Àjàngbádì?"

Obìnrin náà wò ó. "Kíláàsì kẹ̀?"

"Ọlábísí Sàlàkọ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, Fọlákẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀ ni. Dìde."

Fọlákẹ́ ò dìde. Ó fa gèlè yẹ́lò náà kúrò lórí, ó ń ká a mọ́ ọwọ́. "Ó ní oorun lásán ni. Ó ní kó tó jí, a ó ti lọ."

"O rí àpótí tó ń tẹ́ ọ̀rá sí?"

"Mo rí i."

"Kí lo rò pé wọ́n fẹ́ gbé sínú rẹ̀?"

Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

*

Ọlábísí la ojú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà tí Fẹ̀hìntọlá dé ọsibítù, Màmá Àmọ̀kẹ́ ń fi ṣíbí bu oúnjẹ sí ọmọ lẹ́nu lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí dókítà ti ní oògùn kò tíì kúrò nínú wàrà ìyá rẹ̀. Ọmọ náà kọ̀ ọ́, ó ń na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. Ọlábísí di ìka ọmọ mú, kò sì lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fẹ̀hìntọlá jókòó, ó ṣí ìwé. Ó bi í ní ìbéèrè, ó ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ lédè Yorùbá bó ṣe ń jáde. Nígbà tó débi mọ́ọ̀tì, kò tiẹ̀ dúró gbọ́. Ó ti kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn: *Mo mu ún. N kò mọ̀ pé nǹkan wà nínú rẹ̀.*

Ọlábísí na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kí n kà á."

Ó kà á bí tíṣà ṣe ń ka iṣẹ́ ọmọ iléèwé, ìka rẹ̀ ń tọ ìlà. Ó gba gègé lọ́wọ́ ọ̀gá ọlọ́pàá, ó sì fa igi gbọọrọ kan la "N kò mọ̀" kọjá.

"Mo mọ̀," ó wí. Ohùn rẹ̀ ṣì há. "Mo ti rí páàsípọ́ọ̀tù nínú báàgì rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Orúkọ mi, ojú Fọlákẹ́. Nígbà tó gbé mọ́ọ̀tì dé, mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o fi mu ún?"

"Ọmọ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e dání, ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò mí títí ife fi gbẹ. Bí mo bá pariwo, ta ló máa gbọ́ nínú ariwo ẹ̀rọ yẹn? Ìgbà tó bá yíjú sí rédíò, mo máa ń tu tẹnu mi sínú nápíkìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí i ṣe. Ìyókù, mo gbé e mì."

Màmá Àmọ̀kẹ́ ti dá ọwọ́ dúró, ṣíbí wà lófuurufú.

"O ò bá má tẹ̀ lé e lọ láti ilé," Fẹ̀hìntọlá wí jẹ́jẹ́.

"Mo ní mi ò lọ. Ó ní kò burú, pé òun àti ọmọ nìkan á lọ. Màdáàmù, kí lẹ̀ bá ṣe?"

Fẹ̀hìntọlá di etí ìwé náà mú fún un, kó lè rí i kọ.

Ọlábísí kọ ọ̀rọ̀ tuntun sórí èyí tó fagi lé, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ó buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Ó kọ Ọlábísí, ó dúró díẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì kọ Àmọ̀kẹ́ tẹ̀ lé e dípò Sàlàkọ́. Lẹ́yìn náà, ó dá gègé padà, ó sì ní kí wọ́n gbé ọmọ òun lé òun láyà, bí kò bá tiẹ̀ ní mu ọmú, kó ṣáà gbọ́ ìró àyà òun.